Yàrá òfìfo, fèrèsé kan, oòrùn tó ń wọlé: ẹ jẹ́ ká wo Hammershøi yà

Àwòrán kan wà tí kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀. Kò sí àga, kò sí tábìlì, wọn ò gbé nǹkan kan kọ́ sára ògiri. Fèrèsé kan ni, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan tó wà ní títì, ògiri aláwọ̀ eérú, oòrùn wá gba gíláàsì fèrèsé wọlé, ó dagun wá sílẹ̀, ó sì tẹ́ àpẹẹrẹ àwọn gíláàsì yẹn sílẹ̀ yàrá. Ó tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó pẹ́, ẹ máa rí i pé afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn ń mí, eruku ń jó nínú oòrùn, ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni. Vilhelm Hammershøi, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló yà á lọ́dún 1900 nínú ilé tóun àti Ida ìyàwó ẹ̀ ń gbé ní Strandgade 30, ní Copenhagen. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ò ju eruku tó ń jó nínú ìtànṣán oòrùn lọ. Ilé àwòrán Ordrupgaard ló wà, ní ìtòsí Copenhagen níbẹ̀, kò sì tóbi rárá, 70 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 59 ní ìbú.

Tẹ́nì kan bá bi mí pé ibo ni kóun ti bẹ̀rẹ̀ tóun bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya inú ilé kí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì wọ èèyàn lára, ibí ni mo máa ń ní kó ti bẹ̀rẹ̀, kó wò ó yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ojú èèyàn níbẹ̀, kò sí ọwọ́, kò sí aṣọ tó ń ká kò, gbogbo nǹkan tó máa ń jẹ àkókò ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni bàbá yìí ti kó kúrò ńlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ò bá wá jóòótọ́, àwòrán ti kú nìyẹn, kò sí nǹkan míì tó máa gbà á là.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wíwò yà kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Aina Onabolu tí wọ́n bí n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1882, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà òróró yàwòrán èèyàn nílẹ̀ wa, àwòrán inú ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò yà lọ́mọdé kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, 1920 ló tó lọ kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Louvre, ilé àwòrán ńlá tó wà ní Paris, láti 1793 ni wọ́n ti ń jẹ́ káwọn ayàwòrán wá dúró síwájú iṣẹ́ àwọn àgbà kí wọ́n wò ó yà, wọ́n kàn ní ẹ̀dà náà ò gbọdọ̀ tóbi bákan náà pẹ̀lú ojúlówó ni. Hammershøi fúnra ẹ̀, àwọn ayàwòrán Holland ayé 1600 sí 1700, bíi Vermeer àti Pieter de Hooch, ló tẹjú mọ́. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlù náà nìyẹn, ọmọ àyàn á jókòó ti bàbá ẹ̀, ohun tí bàbá bá lù lòun náà á lù, títí ọwọ́ ẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n.

Tóò, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tẹ́ ẹ máa wò

Hammershøi kú lọ́dún 1916, iṣẹ́ ẹ̀ ti di ti gbogbo ayé tipẹ́, ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Wikimedia Commons. Ẹ mú èyí tó tóbi jù. Tẹ́ ẹ bá wá a káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì ẹ máa rí i pé ọ̀kan á rí rúsúrúsú, òmíì á dà bí ẹni bu búlúù sí i, kí ìyẹn má dà yín láàmú, ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ sì dúró tì í dópin, torí ẹni tó bá ń wo mẹ́ta pọ̀ á po ọ̀dà títí á sú u. Tó bá jẹ́ ojú fóònù lẹ fẹ́ máa wò, ẹ lọ pa ohun tó ń jẹ́ kí iná ojú ẹ̀ máa yí ara ẹ̀ padà, bó bá ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn fúnra ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tí Hammershøi yà mọ́. Àmọ́ èmi ò gba fóònù níyànjú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé fọ́tò, kó tóbi bákan náà pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Ìlàjì ni mo máa ń yà á, 35 sẹ̀ǹtímítà sí 29 àtààbọ̀, ó rọrùn láti gbé, kì í sì í jẹ ọ̀dà púpọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Kò pọ̀. Ọ̀dà òróró mẹ́fà: titanium white (ẹ ra ńlá, òun lẹ máa lò jù), ivory black, raw umber, burnt sienna, ultramarine blue, yellow ochre. Orúkọ wọn nìyẹn lára túùbù, kò sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò àwòrán tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò nílò pupa fòò, ẹ ò nílò àwọ̀ ewé. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan fẹ̀, ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, roboto kékeré kan tó rọ̀, àti ọ̀kan tó ti gbó tí irun ẹ̀ ti le gbagidi, ẹ má jù ú nù, òun gan-an la máa fi ya eruku. Linseed oil díẹ̀, tọ́pẹ́ńtáìnì díẹ̀. Páálí hardboard tí káfíńtà bá yín gé, ẹ fi gesso, ìyẹn ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ kí ọ̀dà òróró lè dì mọ́ páálí, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi sáńpépà ha á fẹ́lẹ́ láàárín. Tó bá jẹ́ akírílíìkì lẹ ní, ẹ lè lò ó, ẹ kàn rántí pé ó máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i tó bá gbẹ, nínú irú àwòrán báyìí tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ tín-ń-tín ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn máa ń da nǹkan rú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Àkísà tẹ́ ẹ bá fi nu linseed oil, ẹ má ká a jọ sí igun yàrá. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, bí àkísà bá wà lórí ara wọn ooru yẹn ò ríbi gbà, ó lè gbiná láìsí pé ẹnì kankan ṣáná sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú agolo onídèérí, tàbí kẹ́ ẹ sá a lọ́kọ̀ọ̀kan síta. Kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá ń lo tọ́pẹ́ńtáìnì, òórùn ẹ̀ ò dáa fún àyà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà: ihò inú páálí

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀, torí ibí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀hún wà.

Ẹ gé páálí kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áàṣì. Ẹ lu ihò kan sí àárín ẹ̀, kó má ju ọmọ ìka kékeré lọ. Ẹ wá gbé ihò yẹn lé ibi tí oòrùn ti ń dagun kọjá níwájú ògiri nínú àwòrán náà. Nígbà tẹ́ ẹ ń wo gbogbo àwòrán, ṣé ó dà bíi pé ibẹ̀ funfun báláú? Ẹ wo inú ihò wàyí. Áàṣì ni. Áàṣì pọ́ńbélé, tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú. Ẹ sún páálí sí ẹ̀gbẹ́, sórí ògiri tí oòrùn ò dé. Áàṣì náà nìyẹn, ó kàn fi díẹ̀ ṣókùnkùn ju ti àkọ́kọ́ lọ ni, díẹ̀ báyìí, bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀kọ tútù àná àti tòní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ya àwòrán yìí, mi ò mọ nǹkan ihò yìí. Mo rí oòrùn, mo ní oòrùn funfun ni, mo fi titanium white fa ìlà gbọọrọ-gbọọrọ láti fèrèsé dé ilẹ̀. Nígbà tí mo sún sẹ́yìn, ohun tí mo rí ni pákó mẹ́rin márùn-ún tí wọ́n fi ẹfun kùn tí wọ́n gbé ti ògiri. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo fi ọjọ́ méjì gbìyànjú àtitún un ṣe, mo ń fi funfun kún funfun, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n fọwọ́ kan ògiri, kí ògiri lọ sílẹ̀. Oòrùn inú àwòrán ò kí ń tàn torí pé a fi funfun sí i, ohun tó yí i ká ló ń jẹ́ kó tàn.

Nítorí náà ẹ ya àkàsọ̀ áàṣì kan sórí ìwé: àpótí kékeré mẹ́sàn-án tó tò tẹ̀ léra, nọ́ńbà 1 funfun, 9 dúdú, àwọn tó kù láàárín ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ fi ọ̀dà pò ó fúnra yín, kì í ṣe pẹ́ńsù. Ó lè gbà yín tó wákàtí kan, ẹ má kánjú. Tó bá gbẹ, ẹ máa gbé e kiri orí àwòrán tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà sórí ìwé: gíláàsì fèrèsé ò jìnnà sí funfun, ibi tí oòrùn bọ́ lé nílẹ̀ tẹ̀ lé e, ògiri wà láàárín, àwọn igun tó jìn ló ṣókùnkùn jù. Ẹ máa rí i pé ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò 1, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò 9. Gbogbo nǹkan wà láàárín.

Fífa ìlà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ fi pẹ́ńsù àti rúlà pín àwòrán tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde sí àpótí-àpótí, kẹ́ ẹ pín páálí yín náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé ìlà kọ̀ọ̀kan síbi tó wà. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, torí tí ilẹ̀kùn bá fì díẹ̀ péré gbogbo ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá yẹn ti lọ. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín fèrèsé àti ilẹ̀kùn dáadáa, àlàfo yẹn ò ní nǹkan kan nínú, àmọ́ òun ló gbé àwòrán náà ró.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìlà oòrùn. Oòrùn jìnnà sí wa débi pé ìtànṣán ẹ̀ máa ń wá ní ọ̀gbọọgba, wọn kì í ya lẹ́sẹ̀ bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Torí náà ẹ fi rúlà so igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ igun ojú oòrùn tó bá a mu nílẹ̀, ẹ máa rí i bí ìlà wọ̀nyẹn ṣe ń rìn pa pọ̀. Ẹ fà á fẹ́lẹ́ gan-an, a máa bò ó.

Ìpìlẹ̀

Ẹ po raw umber mọ́ tọ́pẹ́ńtáìnì kó ṣàn bíi tíì, kẹ́ ẹ fi kun gbogbo páálí, kẹ́ ẹ wá fi àkísà nu ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀: gíláàsì, ojú oòrùn nílẹ̀, àti ọ̀nà tí oòrùn ń gbà, àmọ́ ìyẹn ẹ kàn rọra nu ún díẹ̀ ni. Níbi tó ṣókùnkùn, ẹ fi umber díẹ̀ kún un. Láàárín ìṣẹ́jú ogún ó yẹ kí yàrá ti yọjú tó ní brown nìkan. Ẹ dìde, ẹ lọ sí ìdí ilẹ̀kùn yín, ẹ dijú díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó láti ọ̀ọ́kán. Tí oòrùn bá ti ń wọlé báyìí, iṣẹ́ ti ń lọ. Tí kò bá tíì wọlé, ẹ má tíì kan àwọ̀ kankan, ẹ nù ún kẹ́ ẹ tún un kùn, umber kì í wọ́n.

Umber máa ń yára gbẹ, ìdí tí mo ṣe yàn án nìyẹn. Ivory black ni kì í yá gbẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dà tí òróró pọ̀ nínú ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ èyí tí òróró ò pọ̀ nínú ẹ̀, torí tòkè á gbẹ kí tìsàlẹ̀ tó gbẹ, tó bá yá á sán. Torí náà ìpìlẹ̀ ni kó ní tọ́pẹ́ńtáìnì, àwọn tó ń bọ̀ lórí ẹ̀ ni kó ní òróró.

Áàṣì kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹni tó bá wo àwòrán yìí lójú ẹsẹ̀ á ní áàṣì lásán ni. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ po ivory black mọ́ funfun, ẹ máa rí áàṣì tó tutù, tó fẹ́ dà bí búlúù. Ẹ po raw umber mọ́ funfun, ó ti gbóná. Ultramarine pẹ̀lú burnt sienna pẹ̀lú funfun, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí tẹ́ ẹ bá fi búlúù kún un á tutù, tẹ́ ẹ bá fi sienna kún un á gbóná, ọwọ́ yín ló wà. Yellow ochre pẹ̀lú dúdú máa fún yín ní áàṣì tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, èyí tẹ́ ẹ máa nílò láwọn ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ pò ó ní òkìtì-òkìtì sórí pátákó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tútù mẹ́ta, gbígbóná mẹ́ta, kí ọ̀kan máa mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ.

Ẹ wá kùn ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, kì í ṣe lára fèrèsé. Kẹ́ ẹ sì wo ọwọ́ Hammershøi dáadáa tẹ́ ẹ bá fa àwòrán náà súnmọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kò fa ọ̀dà dan bí ẹni kun ògiri ilé, ńṣe ló ń fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ kékèké, ọ̀kan lórí ọ̀kan, tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbígbóná, ìyẹn ló jẹ́ kí ògiri lásán máa gbọ̀n lójú wa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń dùn.

Gíláàsì fèrèsé lẹ máa kùn gbẹ̀yìn níbi ọ̀wọ́ yìí, kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìgbà òjò ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án níbi igun, tó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Oòrùn, lẹ́yìn náà eruku

Oòrùn tó ń kọjá nínú afẹ́fẹ́, eruku ló ń jẹ́ ká rí i. Ìmọ́lẹ̀ á kọlu eruku, eruku á dá a padà sójú wa. Tí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá ṣókùnkùn, a máa rí i kedere, tí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá mọ́lẹ̀, á pòórá. Àwa tá a mọ ọyẹ́ ò nílò kẹ́nì kan ṣàlàyé èyí fún wa, ẹ̀yin náà ti jí rí láàárọ̀ oṣù Kejìlá tí oòrùn gba àárín lúfà wọlé tẹ́ ẹ wá rí eruku tó ń lọ sókè sódò lórí ibùsùn.

Nítorí náà nínú àwòrán, ẹ má fi agbára kan náà kun oòrùn yẹn látòkè délẹ̀. Níbi tó ti ń jáde lára gíláàsì ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, níbi tó ti dé iwájú ògiri tó ṣókùnkùn ló yọ jù. Ẹ mú áàṣì ògiri gan-an, ẹ fi funfun bíńtín àti ochre tó kéré sí i kún un, kó lé sí ti ògiri pẹ̀lú ìdajì àpótí kan péré lórí àkàsọ̀ yín. Ẹ fi linseed oil díẹ̀ là á kó rí gaara, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fà á, kẹ́ ẹ wá fi ìka tàbí àkísà rọra nu etí ẹ̀. Etí oòrùn ò gbọdọ̀ mú bí ọ̀bẹ. Tó bá gbẹ tẹ́ ẹ rí i pé ó kéré, ẹ tún fi ọ̀kan lé e. Ìpele mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ máa ń tàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ.

Eruku wá kù. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbó yẹn, ẹ tì í bọ inú ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti oòrùn lọ, ẹ nù ún sára àkísà títí ẹ fi máa rò pé kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ wá fi rọra gbo inú oòrùn yẹn, irun búrọ́ọ̀ṣì á kàn fọwọ́ ba orí ọ̀dà tó ti gbẹ, á fi àmì tó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ sílẹ̀. Ẹ má tó àmì tó-tó-tó bí ìràwọ̀. Eruku kì í ṣe ẹyọ-ẹyọ tí èèyàn lè kà, kí ẹni tó ń wò ó máa rò pé òun rí i ni, kó tún máa wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ibi ojú oòrùn nílẹ̀ lẹ máa fi ọ̀dà tó nípọn jù lọ sí, torí ibẹ̀ ni oòrùn ti kan nǹkan gidi. Kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti tún ibì kan ṣe, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ di ọ̀la.

Lẹ́yìn èyí

Bí ẹ bá ti parí ẹ, ilé àwòrán Statens Museum for Kunst ní Copenhagen náà ní òmíì tó yà nínú ilé kan náà lọ́dún 1901, tí oòrùn bọ́ lé ilẹ̀ tí obìnrin kan sì jókòó nídìí tábìlì, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa gba àwòrán ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ìyẹn yà ṣìkejì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni Hammershøi ya ilé yẹn láàárín 1898 sí 1909 tó fi gbé ibẹ̀, yàrá kan náà, fèrèsé kan náà, ó kàn ń sún àga ni, tàbí kó dúró de oòrùn míì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kó ẹrù kúrò nínú yàrá tiyín, kẹ́ ẹ dúró di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ gbé ihò inú páálí yẹn sójú, kẹ́ ẹ wo ògiri yín. Tó bá jẹ́ ògiri tí wọ́n fi búlúù kùn, áàṣì wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pupa amọ̀, áàṣì wà níbẹ̀ náà. Èyí tí mò ń yà lọ́wọ́ báyìí, pálọ̀ ìyá mi ni, lúfà mẹ́jọ, ọ̀kan ti fọ́, oòrùn tó ń gba ibi tó fọ́ yẹn wọlé mọ́lẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, mo ti po áàṣì fún un lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò tíì rí i mú.

Kẹ́ ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn páálí ẹ̀dà yín: ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín síbẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí ẹ̀, àti pé Hammershøi lẹ wò yà. Iwájú, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ rárá.